Bí ẹ ṣe lè gbé orin tí Messiaen kọ ní àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun kalẹ̀ níbi àpérò yunifásítì

Quatuor pour la fin du temps (Orin ẹni mẹ́rin fún òpin àkókò) ni orúkọ iṣẹ́ náà. Olivier Messiaen, ará Faransé, ló kọ ọ́ fún kilarinẹ́ẹ̀tì, fayolíìnì, sẹ́lò àti píánò. Stalag VIII-A, àgọ́ tí ìjọba Jámánì kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Görlitz, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é létí àwọn èèyàn, ní ọjọ́ 15 oṣù Kínní ọdún 1941. Apá mẹ́jọ ló ní, ó sì máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Àwọn tó ń ṣe àpérò lórí ogun, lórí ẹ̀sìn tàbí lórí ìtàn ilẹ̀ Yúróòpù máa ń fẹ́ kí wọ́n ṣe é fún wọn. Bí ó bá bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀bi náà kì í ṣe ti àwọn olórin. Àkókò tí wọ́n fún wọn ni kò tó, tàbí kí ohùn píánò ti yẹ̀, tàbí kí ẹni tó sọ̀rọ̀ ìṣáájú má mọ ìgbà tó yẹ kó jókòó.

Àkókò àti ìwé orin

Ẹ ya wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 sọ́tọ̀: ìṣẹ́jú 10 fún ọ̀rọ̀ ìṣáájú, 50 fún orin, ìyókù fún ìjókòó àti àtẹ́wọ́. Kò sí ìsinmi láàárín. Ẹ má fi í sẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ẹni tó ti ń gbọ́ bébà láti àárọ̀, tó sì ti wá jẹun yó, á sùn kí wọ́n tó dé apá 5. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ dára, kí oúnjẹ tẹ̀ lé e.

Bí ó bá jẹ́ pé nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 péré lẹ ní, ẹ má sọ pé kí wọ́n sáré ṣe gbogbo rẹ̀. Apá 3, 5 àti 8 ni kí ẹ mú, kí ẹ sì kọ ọ́ gbangba sínú ìwé ètò pé apá mẹ́ta nínú mẹ́jọ ni. Apá 3 jẹ́ ti kilarinẹ́ẹ̀tì nìkan, apá 5 jẹ́ ti sẹ́lò àti píánò, apá 8 sì jẹ́ ti fayolíìnì àti píánò. Apá 4 kò ní píánò nínú rárá. Nínú apá 1, 2, 6 àti 7 ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jọ ń ṣiṣẹ́.

Ọdún 1992 ni Messiaen kú, nítorí náà iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀. Ẹ ra ìwé orin náà, ti ilé-iṣẹ́ Durand, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ẹ má ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lórí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àjọ tó ń gba owó fún àwọn olórin ní orílẹ̀-èdè yín, kí ẹ sì san owó tó bá yẹ. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyọ̀ǹda ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, ẹ tètè béèrè fún un.

Rìhásà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ tirẹ̀ nílé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ nílò ìpàdé bíi mẹ́wàá sí méjìlá, kí ẹ sì fi mẹ́rin nínú wọn fún apá 6.

Ìdí rẹ̀ ni pé nínú apá 6, orin kan náà ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń lù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ìró mìíràn lábẹ́ rẹ̀ tí yóò bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Messiaen tún máa ń fi ìdá lílù kan kún ibi tí etí ò retí, nítorí náà ẹni tó bá ń ka "ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin" bíi ti orin ìjọ kò ní pẹ́ ṣìnà. Semiquaver, ìyẹn ohùn kúkúrú tí mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ ìlù kan, ni kí ẹ máa kà. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí i ní méjì-méjì àti mẹ́ta-mẹ́ta nínú ìwé gbogbo yín, kí àmì yín sì bára mu. Ẹ kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ rẹ̀ láìfọwọ́ kan ohun èlò, pẹ̀lú metronome (ẹ̀rọ tó ń ka ìlù) ní ìdajì ìyára. Nígbà tí ẹ bá lè pàtẹ́wọ́ ojú ìwé kan láìdúró, ẹ wá mú ohun èlò. Bí ó bá kan ohùn, kí fayolíìnì àti sẹ́lò kọ́kọ́ bára mu díẹ̀díẹ̀, kí kilarinẹ́ẹ̀tì bá wọn, kí píánò wọlé kẹ́yìn, torí òun nìkan ni kò lè yí ohùn rẹ̀ padà lójú agbo. Ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa mi orí fún yín láti bẹ̀rẹ̀. A fara mọ́ kí ó jẹ́ ẹni tó ń ta fayolíìnì, nítorí gbogbo yín ló ń rí ọwọ́ rẹ̀.

Ìṣòro apá 1 yàtọ̀ síyẹn. Píánò ní àkójọ ohùn (chord) 29 tó ń tún ṣe léraléra, ó sì ní gígùn-àkókò 17 (bí ohùn kọ̀ọ̀kan ṣe máa pẹ́ tó) tó ń yí po lórí wọn. Kí àwọn méjèèjì tó tún jọ bẹ̀rẹ̀ lójú kan náà, yóò gba àkójọ ohùn 493, orin náà sì ti parí tipẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀. Nítorí náà, olùpíánò tó bá sọnù kò lè fi ohùn mọ ibi tí òun wà. Kí ó fi àmì pupa sí ibi márùn-ún tó ti lè gbọ́ kilarinẹ́ẹ̀tì ketekete, kí ó sì máa padà síbẹ̀.

Apá 3 ń fẹ́ èémí. Àwọn ohùn gígùn wà níbẹ̀ tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí etí fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́, tó ń wú títí dé ibi tó le jù. Ìwà kilarinẹ́ẹ̀tì ni pé ohùn rẹ̀ máa ń gòkè bí wọ́n bá fọn ọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, á sì máa wálẹ̀ bí wọ́n bá fọn ọ́n gidi. Kí olùfọn gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn sí iwájú, kí ó máa fọn ohùn kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ títí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò fi ní mì mọ́.

Apá 5 ló máa ń tètè bàjẹ́ jù. Semiquaver 44 ní ìṣẹ́jú kan ni Messiaen kọ, ìyẹn ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Ẹ̀rù pé ọrun tí wọ́n fi ń ta sẹ́lò á parí kí ohùn tó parí máa ń mú kí sẹ́lò sáré, píánò á sì tẹ̀ lé e. Ẹ pinnu gbogbo ibi tí ọrun yóò ti yí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí olùpíánò sì máa ka àkókò láìwojú ẹnikẹ́ni. Òun ló ń darí apá yìí. Bákan náà ni ní apá 8, àmọ́ níbẹ̀ fayolíìnì ń gòkè lọ sókè téńté ní ìparí. Kí ọrun rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kí ó má tẹ okùn mọ́lẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa han.

Gbọ̀ngàn

- Kí ẹni tó ń tún ohùn píánò ṣe wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e síbi tí yóò dúró sí. Bí ẹ bá sún un lẹ́yìn tó ti lọ, iṣẹ́ rẹ̀ lè di asán. Ẹ sọ fún àwọn olórin ṣáájú bóyá A 440 ni tàbí 442 (iye ìgbà tí ohùn A ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan).
- Píánò gidi ni, kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù. Nínú apá 5 àti 8, bí ohùn ṣe ń kú díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ pẹ́dà jẹ́ ara iṣẹ́ náà.
- Ilẹ̀ táìlì máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ sẹ́lò yọ̀. Ẹ tẹ́ ègé kápẹ́ẹ̀tì kan síbẹ̀.
- Àga mẹ́ta tí kò ní apá, iná kékeré lórí òpó ìwé kọ̀ọ̀kan, àti ẹnì kan tó mọ ìwé orin kà tí yóò máa ṣí ojú ewé fún olùpíánò.
- Ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù fún wákàtí méjì ṣáájú, kí ẹ sì pa á bí orin bá bẹ̀rẹ̀. Ìró rẹ̀ ń bo ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ohùn gígùn apá 3 pátápátá. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wà nítòsí, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Àwọn tí kò ní iṣẹ́ nínú apá kan kò gbọ́dọ̀ jáde. Kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má pàtẹ́wọ́ títí apá 8 yóò fi parí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ètò, kí ẹ sì tún fẹnu sọ ọ́. Ẹni tó bá pẹ́ dé lè wọlé lẹ́yìn apá 4. Kí alága ti dúpẹ́ kí orin tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má baà gbá màíkì mú bí ohùn tó kẹ́yìn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ.

Ọ̀rọ̀ ìṣáájú

Àpérò ọ̀mọ̀wé ni, ẹ má sọ ìtàn tí kò rí bẹ́ẹ̀. Messiaen fúnra rẹ̀ sọ pé okùn mẹ́ta ló wà lórí sẹ́lò, àmọ́ Étienne Pasquier tó ta á sọ pé mẹ́rin ni. Wọ́n máa ń ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn ló gbọ́ ọ. Bárékè tí wọ́n ti ṣe é kò lè gba ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lágọ̀ọ́ náà: orin apá 5 àti 8 ti wá láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ọdún 1937 àti 1930. Ẹ má gbàgbé Jean Le Boulaire tó ta fayolíìnì àti Henri Akoka tó fọn kilarinẹ́ẹ̀tì, ọmọ Júù tí wọ́n bí ní Algeria. "Òpin àkókò" tó wà nínú orúkọ iṣẹ́ náà wá láti ọ̀rọ̀ áńgẹ́lì nínú Ìfihàn orí 10; kì í ṣe ọ̀rọ̀ bí ìgbèkùn ṣe pẹ́ tó.

Bí ara ẹnì kan kò bá yá

Ẹ má fi sasofóònù rọ́pò kilarinẹ́ẹ̀tì, apá 3 kò ní ṣe é gbọ́. Bí olùfọn kilarinẹ́ẹ̀tì kò bá lè wá, apá 5 àti 8 ṣì wà. Bí ó bá jẹ́ sẹ́lò, ẹ ṣe 3 àti 8. Bí ó bá jẹ́ fayolíìnì, ẹ ṣe 3 àti 5. Bí ó bá jẹ́ olùpíánò, 3 àti 4 nìkan ló kù, kò sì tó ìṣẹ́jú 15. Ẹ ti tẹ ìwé ètò kékeré fún èyí sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé.