Bí Mo Ṣe Kó Ìkànnì Àtijọ́ Ẹgbẹ́ Wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ Lọ sórí WordPress

Ìkànnì ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti wà lórí ayélujára láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń fọwọ́ kọ HTML, èdè tí a fi ń kọ ojú-ewé ayélujára, ní ojú-ewé kọ̀ọ̀kan. Kò sí database, ibi tí kọ̀ǹpútà ń to ọ̀rọ̀ pamọ́ sí, kankan lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọjọ́ ìpàdé bá yí padà, àfi kí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ ṣí fáìlì, kí ó tún un kọ, kí ó sì gbé e padà sórí server, kọ̀ǹpútà tí ìkànnì náà ń gbé. Ẹni tó kọ́ ọ ti kọjá sí òkè òkun tipẹ́, ìdí nìyẹn tí ìkéde ìpàdé kan tí gbogbo ènìyàn ti gbàgbé fi ń sáré kiri lókè ojú-ewé àkọ́kọ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ ní kí n bá wọn tún un ṣe, WordPress, ètò tí a fi ń kọ́ ìkànnì tí a sì ń fi tọ́jú rẹ̀, ni mo yàn. Òun nìkan kọ́ ló wà, ṣùgbọ́n ó ti wà láti ọdún 2003, ọ̀fẹ́ ni, akọ̀wé tó bá sì lè tẹ lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà lè lò ó láìmọ HTML rárá.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo fi wget, ètò tó ń wa ojú-ewé jáde láti ayélujára, da gbogbo ìkànnì náà kọ sórí kọ̀ǹpútà mi. Àwọn ojú-ewé kan ti sọnù lórí server. Mo rí díẹ̀ nínú wọn lórí Wayback Machine ti Internet Archive, tó ń tọ́jú ẹ̀dà àwọn ojú-ewé àtijọ́. Lẹ́yìn èyí, mo gbé XAMPP, ètò tó ń sọ kọ̀ǹpútà lásán di server, sórí kọ̀ǹpútà kan náà, mo sì kọ́ ìkànnì tuntun náà síbẹ̀ kí n má baà máa retí dátà ní gbogbo ìgbà. Ìyẹn kò le rárá.

Ara ọ̀rọ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. ISO-8859-1, ìlànà lẹ́tà kan tí wọ́n ṣe fún àwọn èdè Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù, ni wọ́n fi kọ àwọn ojú-ewé àtijọ́, kò sì sí ẹ, ọ tàbí ṣ nínú rẹ̀. Ohun tí ẹni tó kọ́ ọ ṣe ni pé ó lo fóńtì àkànṣe kan tó gbé àwòrán lẹ́tà Yorùbá sípò àwọn àmì mìíràn. Ẹni tí fóńtì náà bá wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ á ka Yorùbá tó dán mọ́rán. Ẹni tí kò bá ní i á rí rádaràda. Lórí fóònù tèmi, oyè Ṣọ̀ún jáde bíi «ߨún», Ògúnlọlá sì di «Ògúnl÷lá». Bí mo bá kàn da irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú WordPress, rádaràda náà ni yóò wà níbẹ̀ títí láé.

Mo ṣe tábìlì kan tó fi hàn pé àmì báyìí dúró fún lẹ́tà báyìí. Níbi tí ó bá ti rú mi lójú, èmi àti Baba akọ̀wé jọ máa ń wo ìwé pẹlẹbẹ tí ẹgbẹ́ tẹ̀ láyé ọjọ́un, ó ń kà, mo ń kọ. Mo wá fi Python, èdè tí a fi ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, pààrọ̀ gbogbo wọn sí Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà. Kò parí síbẹ̀, nítorí àwọn mìíràn ti wá kọ ojú-ewé kún un lẹ́yìn náà, oníkálukú pẹ̀lú bí ó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹnìkan kọ́kọ́ tẹ ó kí ó tó fi àmì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn tẹ ọ kí ó tó fi ohùn òkè lé e. Àwọn méjèèjì jọra lójú, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìlànà NFC tó wà nínú Unicode ló ń sọ irú wọn di ọ̀kan. Àwọn tó fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì kékeré tó rí roboto, NFC kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Àṣẹ ọ̀tọ̀ ni mo kọ fún wọn.

Nínú Unicode, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ́ tàbí ẹ̀. Lẹ́tà àti àmì ohùn rẹ̀ ni a máa ń so pọ̀, fóńtì ló sì máa mọ ibi tí àmì náà yóò jókòó sí. Orúkọ ìlú wa ni mo fi dán fóńtì theme (aṣọ tí ìkànnì ń wọ̀) tí mo yàn wò: àmì orí ọ̀ fò sí ẹ̀gbẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sórí ṣ. Mo yọ fóńtì náà, mo fi fóńtì Noto Sans rọ́pò rẹ̀.

Àdírẹ́sì ni Baba akọ̀wé ń bẹ̀rù jù.

«Àwọn ọmọ wa tó wà ní Kánádà ti tọ́jú àdírẹ́sì ojú-ewé ìtàn yẹn pamọ́ o. Ṣé wọn ò ní débẹ̀ bá ilẹ̀kùn ní títì?»

«Rárá, sà. Yóò darí wọn fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ tẹ ti àtijọ́ wò.»

Inú fáìlì .htaccess, tó ń pàṣẹ fún server, ni mo kọ ọ́ sí, ìlà kan fún ojú-ewé kan: Redirect 301 /itan.htm /itan/. Nọ́ńbà 301 náà ń sọ fún browser àti Google pé ojú-ewé náà ti kó lọ pátápátá. Mo fọwọ́ kọ àdírẹ́sì tuntun kọ̀ọ̀kan láìsí àmì, torí pé ẹni tó bá da àdírẹ́sì alámì kọ sórí WhatsApp lè rí i kí ó di ìdá-ọgọ́rùn-ún àti nọ́ńbà jágbajàgba.

Alága fẹ́ kí gbogbo ìgbìmọ̀ ní ipò Administrator, ipò alákòóso gbogbo ìkànnì. N kò gbà, nítorí ẹni tó bá wà ní ipò yẹn lè fi ìka kan pa theme rẹ́. Editor, olóòtú, ni mo fi Baba akọ̀wé ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ jẹ́ Contributor, wọ́n lè kọ, ṣùgbọ́n Baba ni yóò kà á kí ó tó jáde. Èmi ni mo ń da database àti fólúdà wp-content, tí àwòrán àti theme wà nínú rẹ̀, kọ síbòmíràn kí n tó ṣe àtúnṣe ẹ̀yà èyíkéyìí.

Àwọn fáìlì .htm àtijọ́ wà nínú flash kan lọ́wọ́ akọ̀wé, tòun ti tábìlì àmì tí a jọ ṣe, nítorí àkọsílẹ̀ ìpàdé tí wọ́n fi fóńtì yẹn kan náà tẹ̀ ṣì kù nílẹ̀ tí a ó yí padà.