Mítà dún, àmọ́ súwíìsì ìjókòó ò ṣiṣẹ́

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí Iléyá pé nígbà tí Àlàájà kan tó ní gbọ̀ngàn àríyá ní Ìjẹ̀bú-Òde pè mí. Koríko pápá rẹ̀ ti ga dé orúnkún, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, sì ti sanwó pé ibẹ̀ làwọn máa ti jẹun tí wọ́n bá darí láti Ojúde Ọba. Ẹ̀rọ agékoríko rẹ̀, irú èyí tí èèyàn ń jókòó lé bí ọkọ̀, tó sì ń fi bátìrì ṣiṣẹ́, kọ̀ kò gbéra. Wọ́n ti sọ fún un pé kó lọ ra bátìrì tuntun. Mẹ́rin ni, 12 fóltì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n so tẹ̀lé ara wọn di 48. Mo bẹ Àlàájà pé kó má tíì náwó.

Mo fi mítà kan bátìrì: 50.6 fóltì, bátìrì ò kú. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi jókòó, kó tẹ bíréèkì, kó yí kọ́kọ́rọ́. Mítà ò mì. Ẹ̀rọ náà ò fa iná tó ṣe é rí nìyẹn, ọ̀nà ti gé tàbí ó ti dí níbì kan. Fíúsì dáa.

Lórí ẹ̀rọ yìí, iná máa ń gba inú súwíìsì kọ́kọ́rọ́, ti bíréèkì àti ti abẹ́ ìjókòó kọjá, kó tó dé kọ́ńtátọ̀, súwíìsì ńlá tó ń fún mọ́tò níná, tó ń ta "kọ̀!" tí mọ́tò á fi gbéra. A ò gbọ́ "kọ̀" kankan. Mo fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, mo bọ́ aago àti òrùka ọwọ́ mi, mo tú wáyà bátìrì, mo wá yọ súwíìsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ti ìjókòó, mítà dún pín-ín, ìyẹn ni pé iná lè gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn méjì yòókù náà dún. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Wákàtí méjì gbáko ni mo fi ń tú wáyà, tí mò ń wá ibi tí eku ti jẹ ẹ́.

Ọmọkùnrin tó máa ń wà á ló ràn mí lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí mo bá fìdí tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó máa ń gbà."

Mo dá gbogbo ẹ̀ padà, mo so bátìrì, mo ní kó jókòó, kó tẹ bíréèkì, kó yí kọ́kọ́rọ́. Mo fi ẹnu dúdú mítà sí ẹsẹ̀ òdì (négátíìfù) bátìrì, mo wá ń fi pupa tọ ọ̀nà iná. Kọ́kọ́rọ́: 50 wọlé, 50 jáde. Bíréèkì: bákan náà. Ìjókòó: 50 wọlé, 17 jáde! Fóltì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ń ṣòfò nínú nǹkan tí kò tó páálí ìṣáná.

Àtàǹpàkò mi le ju ìdí èèyàn tó ń gba orí fóòmù tẹ̀ ẹ́ lọ. Iná tí mítà fi ń dún náà kéré púpọ̀, kò tó èyí tí kọ́ńtátọ̀ ń bèèrè. Nígbà tí mo là á, ahọ́n bàbà méjèèjì inú rẹ̀ ti dípẹtà, àwọ̀ rẹ̀ ń ṣe bí ewé. Ìjókòó ti ya, ojú òjò ni wọ́n sì máa ń gbé ẹ̀rọ náà sí.

Ọmọkùnrin náà ní ká so wáyà méjèèjì pọ̀ ní dàrẹ́ẹ̀tì. Mo kọ̀ jálẹ̀. Súwíìsì yẹn ló ń dá abẹ dúró tí ẹni tó ń wà á bá ṣubú, pápá yẹn sì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mi ò lè so ó kí n tún sùn lálẹ́.

Mo pe ẹnì kan tí mo mọ̀ ní ọjà Alábà ní Èkó, ó fi súwíìsì tuntun ránṣẹ́, a gbà á ní gáréèjì lọ́jọ́ kejì. Mo fi gírísì bo ẹnu wáyà kómi má wọlé mọ́, mo ní kí wọ́n rán ìjókòó. Ó wọlé ní 50, ó jáde ní 49.9. "Kọ̀!"

Mo ní kí ọmọkùnrin náà tan abẹ, kó rọra gbé ìdí sókè. Abẹ dúró.