Bí o ṣe lè fi irun kan mọ ìdí tí fọ́nrán tín-ín-rín fi ń tẹ̀

Wá irun orí gígùn kan tí kò lọ́ púpọ̀, rúlà, téèpù, àti tọ́ọ̀ṣì léésà pupa. Fọ irun náà kí òróró ara rẹ̀ kúrò, kí o sì jẹ́ kó gbẹ. Fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí tábìlì, kí sẹ̀ǹtímítà 3 yọ síta, lẹ́yìn náà wo bí ṣóńṣó rẹ̀ ṣe wálẹ̀ tó. Kò ní ju bíi mìlímítà 1 lọ.

Gbogbo irun ló ní bó ṣe tẹ̀ látilẹ̀ wá. Nítorí náà, yí i lójú kan náà kí apá òkè rẹ̀ di apá ìsàlẹ̀, tún un wọ̀n, ro méjèèjì pọ̀, kí o sì pín in sí méjì. Jọ̀wọ́, má fo ibí yìí. Èmi kì í gba nọ́ńbà tí wọn ò yí irun rẹ̀ padà gbọ́.

Wàyí o, fa irun náà jáde títí yóò fi di sẹ̀ǹtímítà 6. Ìlọ́po méjì péré lo fi kún gígùn rẹ̀, àmọ́ ṣóńṣó rẹ̀ á wálẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 16! Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyẹn.

Ó ku bó ṣe nípọn tó. Pa iná yàrá, na irun náà sí ẹnu léésà, kí o tan án sára ògiri tó jìnnà ní mítà 2. Má ṣe jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ yẹn kan ojú ẹnikẹ́ni láé, kí o sì gbé dígí kúrò nítòsí. Wàá rí ìlà ìmọ́lẹ̀ tí òkùnkùn gé sí wẹ́wẹ́. Wọn ibi tó wà láàárín gbùngbùn ìmọ́lẹ̀ náà sí òkùnkùn àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2, tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ léésà rẹ sì gùn ní nánómítà 650 (ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà ni nánómítà kan), fi 650 náà lọ́po mítà 2, kí o fi sẹ̀ǹtímítà 2, ìyẹn mítà 0.02, pín in: nánómítà 65,000, ìyẹn máíkírọ́mítà 65 (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà ni máíkírọ́mítà kan), ni irun náà nípọn.

Nínípọn yìí gan-an ló ń pàṣẹ. Fọ́nrán tó bá nípọn ní ìlọ́po méjì á le láti tẹ̀ ní ìlọ́po 16. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá gíláàsì fi ń ṣẹ́, tí okùn gíláàsì tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò ju máíkírọ́mítà 125 lọ, sì ń ká. Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, nánómítà 7 péré ni fọ́nrán puróténì tí wọ́n ń pè ní actin nípọn. Tó bá ti gùn kọjá nǹkan bíi máíkírọ́mítà 17, ooru nìkan ti tó láti máa tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Fọ́nrán mìíràn tó o tún lè dán wò ni òwú aláǹtakùn. Tí aláǹtakùn bá ń já bọ́, fi férémù páálí gba òwú rẹ̀, kí ó dẹ̀ díẹ̀. Fọ́n omi tó rí bí ìrì sí i. Òwú ọ̀pọ̀ aláǹtakùn á sún kì, á sì le gan-gan, nítorí omi ń tú ohun tó so àwọn puróténì inú rẹ̀ mọ́ra, wọ́n á sì ká kò.