Bí mo ṣe yẹ ara ThinkPad T480 wò lórí Linux

Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ń kọ́ni ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ra ThinkPad T480 tòkunbọ̀, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, wọ́n sì gbé e wá bá mi ní Adó-Èkìtì pé kí n fi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sí i. Fífi Linux sí i kò gba àkókò. Yíyẹ ara ẹ̀rọ náà wò ni iṣẹ́ gan-an. Lórí Linux, dráíbà, ìyẹn ètò tó ń darí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, máa ń gbé fáìlì síta tí a lè kà tàbí kọ àṣẹ sí. Bí dráíbà bá gbé irú fáìlì bẹ́ẹ̀ síta, ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí pé ẹ̀rọ yóò gbọ́ràn, àfi bí a bá pàṣẹ tí a sì fojú rí àbájáde rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ tẹ lsmod, àṣẹ tó ń to àwọn dráíbà tí a ti gbé wọlé, mo sì rí i pé kernel, tí í ṣe ọkàn Linux, ti gbé thinkpad_acpi wọlé fúnra rẹ̀. Dráíbà yìí ló ń bójú tó àwọn ohun tó jẹ́ ti ThinkPad nìkan.

Bátìrì ni mo pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Méjì ni T480 ní: BAT0 wà nínú ikùn ẹ̀rọ, BAT1 sì ṣeé yọ. Nínú /sys/class/power_supply, mo fi energy_full, tó ń sọ iye tí bátìrì lè gbà báyìí, wé energy_full_design, tó ń sọ iye tó ń gbà nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun. BAT0 ṣì lókun, ṣùgbọ́n BAT1 ti gbó. Láti kernel 4.17, tó jáde ní ọdún 2018, ni dráíbà yìí ti ń jẹ́ kí á yan ibi tí bátìrì yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba iná àti ibi tí yóò ti dúró. Mo yọ BAT1 kúrò, nítorí òun ni ẹ̀rọ náà máa ń kọ́kọ́ lò, mo kọ 80 sínú charge_control_end_threshold ti BAT0, ìyẹn ibi tí yóò ti dúró, mo sì kọ 40 sínú charge_control_start_threshold, ìyẹn ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ki ṣájà bọ̀ ọ́, bátìrì wà ní 62%, kò sì gba iná rárá. Ẹlòmíràn ì bá ti dá ṣájà lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ àṣẹ tí mo pa gan-an ló ń tẹ̀ lé: kò ní gbà àfi bó bá kọ́kọ́ wálẹ̀ kọjá 40%. Mo lò ó títí ó fi wálẹ̀ kọjá ibẹ̀, mo tún ki ṣájà bọ̀ ọ́, ó gùn dé 80%, ó sì dúró.

Ṣùgbọ́n n kò fi 40 àti 80 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. “Àbúrò, ṣé á gbé mi dé ìparí kíláàsì?” ni ohun tí ẹ̀gbọ́n ń bi mí. Òótọ́ ni pé bátìrì tí kì í kún dẹ́nu máa ń pẹ́ jù, àmọ́ ẹni tí kò mọ ìgbà tí iná ọba yóò tún dé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ kọ iná nígbà tó bá wà. Mo gbé e sí 85 àti 95.

Fáànù wà nínú /proc/acpi/ibm/fan. IBM ló ni ThinkPad kí Lenovo tó rà á ní ọdún 2005, ìdí nìyẹn tí orúkọ náà fi wà níbẹ̀ títí di òní. Mo fún ẹ̀rọ ní iṣẹ́ líle, mo sì rí i tí iye eré fáànù ń gòkè, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Dráíbà kì í gbà kí á darí fáànù fúnra wa àfi bí a bá fi fan_control=1 gbé e wọlé, mo sì rò pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀, pàápàá nínú ooru àti eruku ọyẹ́ tiwa.

Iná abẹ́ kíbọ́ọ̀dù, tpacpi::kbd_backlight, ń gba 0, 1 àti 2. Mo kọ wọ́n sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, iná náà sì ń tẹ̀ lé e. Mo tún tẹ Fn àti Space, nọ́ńbà inú fáìlì náà sì yí padà. Kámẹ́rà, Wi-Fi àti ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà kò fún mi ní ìṣòro kankan. Ibi ìtẹ̀ka nìkan ni mo fi sílẹ̀, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ kernel nìkan. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n máa lo ọ̀rọ̀ aṣínà wọn.