Bí a ṣe ń fi pìgì yẹ inú páìpù epo wò láì gé e

Páìpù epo rọ̀bì tó ń bọ̀ láti Agadem ní Niger gùn tó nǹkan bí 1,950 kìlómítà kó tó dé etíkun Sèmè-Kpodji, lẹ́bàá Àjàṣẹ́ wa níbí. Ojú kò lè rí ibi tí irin irú páìpù bẹ́ẹ̀ ti ń dógùn-ún lábẹ́ ilẹ̀, a kò sì lè máa wú u káàkiri. Pìgì la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ̀rọ tí a ń tì sínú páìpù, tí epo tàbí gáàsì fúnra rẹ̀ á máa gbé lọ. Racleur lẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀gá tó ń sọ Faransé.

Ìmúra tí kò dáa ló ń ba àyẹ̀wò jẹ́ jù, kì í ṣe ẹ̀rọ àyẹ̀wò olówó gọbọi yẹn. Ẹ kọ́kọ́ rán pìgì fóòmù, lẹ́yìn náà èyí tó ní búrọ́ọ̀ṣì onírin, kí ẹ tó rán èyí tó ní òòfà láti ṣa wẹ́wẹ́ irin. Ẹ má dáwọ́ dúró títí ìdọ̀tí tó ń jáde yóò fi kéré. Bí ọ̀rá epo bá ṣẹ́ kù lára irin, ó ń gbé sẹ́ńsọ̀ kúrò lára ògiri páìpù, milimítà díẹ̀ péré sì ti tó láti ba ohun tó ń kà jẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwo alumíníọ̀mù, tí a ń dè mọ́ pìgì láti mọ̀ bóyá ẹ̀rọ àyẹ̀wò á lè kọjá. Ẹ gé e sí ìdá 95 nínú 100 ibi tí inú páìpù ti há jù. Páìpù tí ìta rẹ̀ jẹ́ 508 mm, tí ògiri rẹ̀ nípọn ní 12.7 mm, inú rẹ̀ á jẹ́ 482.6 mm, àwo rẹ̀ á jẹ́ 458 mm. Ṣùgbọ́n ògiri sábà máa ń nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí páìpù ti gba abẹ́ títì tàbí odò kọjá. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti mú ìwọ̀n. Bí àwo bá jáde pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ tó ká tàbí tó ya, ẹ má rán ẹ̀rọ àyẹ̀wò rárá. Ibì kan ti tẹ̀ wọnú, tàbí fáàfù kan kò ṣí tán.

Ẹnu ìtìbọ̀, ìyẹn ibi tí a ti ń ti pìgì wọnú páìpù, ló léwu jù. Ẹ ti fáàfù rẹ̀ àti fáàfù páìpù kékeré tó ń tì í lẹ́yìn, ẹ fa epo inú rẹ̀ jáde, kí ẹ sì ṣí ihò atẹ́gùn. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé agogo prẹ́ṣọ̀ nìkan, torí ìdọ̀tí lè dí ihò rẹ̀ kó sì máa fi òdo hàn. Ẹ jẹ́ kí ihò atẹ́gùn wà ní ṣíṣí, ẹ yẹ gáàsì wò, ẹ má sì dúró níwájú ilẹ̀kùn nígbà tí ẹ bá ń ṣí i. Ẹ ti pìgì wọlé títí rọ́bà iwájú yóò fi há dáadáa, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ rọra kún un kí atẹ́gùn tán nínú rẹ̀. Prẹ́ṣọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn pìgì gbọ́dọ̀ dọ́gba kí ẹ tó ṣí fáàfù ńlá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ta bí ọta ìbọn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fáàfù páìpù kékeré tó ń ti pìgì lẹ́yìn, kí ẹ sì rọra máa dín fáàfù ojú ọ̀nà kù títí pìgì yóò fi lọ.

Ìyára tó bójú mu fún ẹ̀rọ olóòfà, ìyẹn ẹ̀rọ àyẹ̀wò tó ń fi òòfà wá ibi tí irin ti jẹ, jẹ́ mítà 1 sí 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú páìpù tí a fi ṣàpẹẹrẹ, mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá túmọ̀ sí pé nǹkan bí 658 mítà kúbíìkì (m³) ń ṣàn kọjá ní wákàtí kan. 100 kìlómítà á gba wákàtí 28, nítorí náà ẹ ṣírò bátìrì. Bó bá sáré jù, òòfà kò ní ráyè wọ inú irin tán. Ẹ̀rọ oníró tó wọ́pọ̀, èyí tó ń fi ìró wọn ìnípọn irin, ní tirẹ̀ fẹ́ omi tàbí epo láàárín òun àti irin. Kò ní ṣiṣẹ́ nínú gáàsì lásán.

Níbi tí pìgì yóò ti jáde, ẹ fi omi rin ìdọ̀tí rẹ̀ kíákíá: ìyẹ̀fun irin àti imí-ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ lè gbiná fúnra rẹ̀ bó bá kan atẹ́gùn.

Àbájáde á sọ ibi tí irin ti jẹ àti bó ṣe jìn tó. Ẹ wú ibi mélòó kan láti fi ẹ̀rọ ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Ní ilẹ̀ rírẹlẹ̀ ẹ̀bá ọ̀sà, ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi lọ, kí ẹ sì fi pákó ti ẹ̀gbẹ́ kòtò kó má baà wó lé òṣìṣẹ́. Bí ìwọ̀n ọwọ́ bá jìnnà sí ti pìgì ju ìdá 10 nínú 100 ìnípọn ògiri lọ ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹ dá ìwé padà fún ilé iṣẹ́ tó kà á, kí wọ́n tún un kà.