Iṣẹ́ adarí ọkọ̀ òfúrufú ní community college l'Amẹ́ríkà: ẹ ka ọdún yín kí ẹ tó sanwó

FAA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfúrufú l'Amẹ́ríkà, kì í gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú Amẹ́ríkà sí iṣẹ́ adarí ọkọ̀ (air traffic controller, ẹni tó ń fi rédíò darí àwọn páílọ́ọ̀tì láti ilẹ̀). Green card kò tó. Ẹni tó bá sì ti pé ọmọ ọdún 31 kí ìkéde ìgbanisíṣẹ́ tó parí kò lè wọlé mọ́, torí pé òfin ní kí adarí ọkọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 56, ìjọba kò sì fẹ́ náwó kọ́ ẹni tí kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ́ ni yóò rán yín létí. Àtigba akẹ́kọ̀ọ́ ni iṣẹ́ tiwọn. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1, lè forúkọ sílẹ̀, kó sanwó tabua, kó gba oyè associate (oyè ọlọ́dún méjì), kó wá rí i pé FAA kò ní wo ìwé òun rárá. Nítorí náà, ìṣirò ọdún ló ṣáájú, ilé ẹ̀kọ́ ló tẹ̀ lé e.

Báyìí ni ìṣirò náà ṣe lọ. Láti ọjọ́ tí green card bá jáde, ọdún márùn-ún ni wọ́n ń dúró kí wọ́n tó lè di ọmọ ìlú. Ọdún mẹ́ta ni fún ẹni tó fẹ́ ọmọ ìlú Amẹ́ríkà tí wọ́n sì jọ ń gbé. Fọ́ọ̀mù N-400, tí a fi ń bẹ̀bẹ̀ láti di ọmọ ìlú, ṣeé fi ránṣẹ́ nígbà tó bá ku 90 ọjọ́ kí ọdún náà pé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá lórí yín. Ẹni tó gba káàdì ní ọmọ ọdún 22 lè ti búra ní 27 tàbí 28, ó ṣì ní ọdún mélòó kan lọ́wọ́. Ẹni tó gbà á ní 26 ti pẹ́ jù, àfi bí ọ̀nà ìgbéyàwó bá gé e kúrú. Kò sí àdúrà tó ń yí ọjọ́ ìbí padà nínú ìwé ìjọba.

Àwọn ọmọ tó bá òbí wọn wá ló ní àǹfààní jù. Bí bàbá tàbí ìyá bá di ọmọ ìlú nígbà tí ọmọ kò tíì pé 18, tí ọmọ náà ní green card, tó sì ń gbé l'Amẹ́ríkà lábẹ́ ìtọ́jú òbí yẹn, ọmọ ti di ọmọ ìlú lójú ẹsẹ̀ láìkọ N-400 kankan. Òfin ọdún 2000 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù ni kí ẹ gba pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà fún un, tàbí kí ẹ kọ N-600 láti gba ìwé ẹ̀rí. Àwọn òbí kan kò mọ̀, wọ́n á ní kí ọmọ dúró dìgbà tó bá dàgbà kó wá kọ tirẹ̀, ọdún á sì máa lọ.

Fún àwọn ọkùnrin: láàárín ọdún 18 sí 25, ẹ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé Selective Service (àkójọ àwọn tí ìjọba lè pè sí iṣẹ́ ológun), bí ẹ kò tilẹ̀ tíì di ọmọ ìlú, àfi ẹni tó bá wà lórí físà bíi F-1. Ẹ wo ìkànnì wọn bóyá orúkọ yín wà níbẹ̀, kí ẹ tẹ ẹ̀rí rẹ̀ sórí bébà, kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fà sẹ́yìn títí ó fi pé 26 lè pàdánù iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, kì í ṣe ti ọkọ̀ òfúrufú nìkan.

Ṣé dandan ni kọ́lẹ́ẹ̀jì?

Rárá. Ọ̀nà kan wà tí kò béèrè kọ́lẹ́ẹ̀jì. FAA máa ń ṣí ìkéde lórí USAJOBS, ìkànnì iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ gidi fún ọdún kan, iṣẹ́ yòówù kó jẹ́, tàbí tó kàwé lẹ́yìn girama, tàbí tó da méjèèjì pọ̀, lè kọ̀wé. Ọjọ́ mélòó kan ni ìkéde náà ń dúró kó tó pa dé, nítorí náà ẹ ti gbé ìwé ìtàn iṣẹ́ yín sórí USAJOBS sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa fi ímeèlì sọ fún yín.

Kí wá ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ń ṣe? Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní AT-CTI, èyí tí FAA fọwọ́ sí ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan. Ẹni tó bá jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìfọwọ́sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kì í ṣe ìpele àkọ́bẹ̀rẹ̀ mọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ FAA tó wà ní Oklahoma City. Ẹ̀kọ́ táwà tàbí ti rédà gan-an ló máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2024, FAA tún gbé ètò tó jù bẹ́ẹ̀ lọ kalẹ̀, Enhanced AT-CTI. Nínú èyí, gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ ní Oklahoma City ni ilé ẹ̀kọ́ yóò kọ́ yín, pẹ̀lú irú ẹ̀rọ kan náà, lẹ́yìn náà tààrà ni síbi iṣẹ́. Tulsa Community College àti University of Oklahoma ni wọ́n kọ́kọ́ fún láṣẹ. Bí ẹ bá ń wá community college fún iṣẹ́ yìí, ètò kejì yìí ni mo gbà pé ó tọ́ sí owó yín jù, torí pé ẹni tó bá kùnà ní Oklahoma City, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó sàn kí ènìyàn ṣubú ní kíláàsì ju kó ṣubú lẹ́nu iṣẹ́ lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún ilé ẹ̀kọ́ tó kàn kọ "aviation" sí ara ògiri. Kì í ṣe gbogbo wọn ni FAA fọwọ́ sí. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ wà lórí àkójọ AT-CTI lórí ìkànnì FAA, ẹ sì wo ọdún tí ẹ ń forúkọ sílẹ̀ gan-an, torí pé àwọn kan ń wọlé, àwọn kan ń jáde. Lára àwọn community college tí a mọ̀ mọ́ ètò yìí ni Community College of Beaver County ní Pennsylvania, Mt. San Antonio College ní California, Green River College ní ìpínlẹ̀ Washington, àti Aims ní Colorado. Ẹ̀yin ará Maryland, Community College of Baltimore County wà nítòsí yín.

Ní ti owó: ará àdúgbò ń san díẹ̀, ará ìpínlẹ̀ mìíràn ń san ìlọ́po. Púpọ̀ nínú wọn fẹ́ kí ẹ ti gbé ìpínlẹ̀ náà fún ọdún kan kí wọ́n tó kà yín mọ́ ará ilé, nítorí náà ẹ tọ́jú ìwé ilé, bíìlì iná àti láísẹ́ńsì ọkọ̀ tó ní ọjọ́ lórí. Ẹni tó ní green card lè kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù ìbéèrè ìrànlọ́wọ́ owó ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀. Pell Grant (owó ìrànlọ́wọ́ tí a kì í san padà) tó ga jù fún 2025-26 jẹ́ dọ́là 7,395, ní ọ̀pọ̀ community college ìyẹn sì lè kó owó ẹ̀kọ́ ọdún kan tán fún ará ilé. Ẹni tó wà lórí F-1 kò ní ìpín níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ àti ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀

Ìwé tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé jù ni àṣẹ FAA tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ JO 7110.65. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí adarí lè sọ sí páílọ́ọ̀tì wà, bó ṣe yẹ kó sọ ọ́, àti àlàfo tó gbọ́dọ̀ wà láàárín ọkọ̀ méjì. Nítòsí pápákọ̀, lójú rédà, máìlì mẹ́ta ni àlàfo náà sábà máa ń jẹ́. Lójú ọ̀nà jíjìn, máìlì márùn-ún. Bí ọ̀kan bá wà lókè èkejì, ẹsẹ̀ 1,000. Lẹ́yìn ọkọ̀ ńlá, ẹ ó fi kún un, torí pé afẹ́fẹ́ tí ìyẹ́ rẹ̀ dà rú lè yí ọkọ̀ kékeré dànù. Ẹ ó há a sórí, kì í ṣe kí ẹ kàn mọ̀ ọ́n. Kò sí àyè láti ṣí ìwé nígbà tí ọkọ̀ mẹ́jọ wà lójú rédà.

Ẹ ó tún kọ́ bí a ti ń ka ojú ọjọ́. Bí àpẹẹrẹ: KTUL 121753Z 18012G20KT 10SM BKN035 28/19 A2992. Èyí ni pápákọ̀ Tulsa, ọjọ́ 12 oṣù, aago 17:53 lórí àkókò àgbáyé, ìyẹn 12:53 ọ̀sán ní Tulsa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Atẹ́gùn ń bọ̀ láti gúúsù, ní 180, pẹ̀lú ìyára kínọ́ọ̀tì 12, ó ń fẹ́ dé 20 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú ríran dé máìlì 10, ìkùukùu tó bo apá tó pọ̀ jù lójú ọ̀run wà ní ẹsẹ̀ 3,500, ooru 28, ìwọ̀n ìrì 19, ìwọ̀n ìtẹ̀mọ́lẹ̀ afẹ́fẹ́ 29.92. Wọ́n á ní kí ẹ kà á láìdúró, lẹ́yìn náà kí ẹ sọ rọ́ńwéè tí ẹ máa lò. Atẹ́gùn gúúsù túmọ̀ sí pé ọkọ̀ yóò kọjú sí gúúsù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú kò sí nínú ìwé. Etí ni. Adarí sọ fún ọkọ̀ pé kó sọ̀ kalẹ̀ sí 6,000. Páílọ́ọ̀tì dáhùn pé òun ń lọ sí 5,000. Adarí ti ń bá ọkọ̀ mìíràn sọ̀rọ̀ lọ, kò gbọ́. Ọkọ̀ méjì á bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ra wọn, ẹ̀bi adarí sì ni, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbọ́ ìdáhùn. Nínú simulator, ẹ̀rọ tó ń ṣàfarawé iṣẹ́ gidi, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ fi irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ sí i, wọ́n á sì ge máàkì yín bí ẹ bá jẹ́ kó kọjá. Ẹ lè fi rédíò pápákọ̀ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì dánra wò: ẹ gbọ́ àṣẹ, ẹ gbọ́ ìdáhùn, ẹ fi ọwọ́ kọ méjèèjì sílẹ̀.

Ní ti ahọ́n wa, FAA fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín yé ènìyàn lórí rédíò, kò ní kí ẹ dà bí ọmọ Texas. Àwọn nọ́ńbà ń ràn wá lọ́wọ́: òfin fúnra rẹ̀ ní kí a pe 3 ní "tree", 5 ní "fife", 9 ní "niner". Ìṣòro wa wà ní Victor àti Zulu, orúkọ tí wọ́n ń pe lẹ́tà V àti Z lórí rédíò, torí pé ahọ́n Yorùbá kò ní v àti z láti ilé. Zulu tó di "Sulu" lè yí orúkọ ọkọ̀ padà. Ẹ pe November three four five Victor Zulu lójoojúmọ́, kí ẹ gbà á sílẹ̀ lórí fóònù, kí ẹ tún un gbọ́. Kí ẹ sì dín ìyára kù. Ìyára kì í borí ariwo rédíò, ó kàn máa ń gé ọ̀rọ̀ yín kúrú ni.

Kí ẹ tó wọlé, ẹ máa ṣe ìdánwò ATSA ní ibùdó Pearson VUE. Kì í ṣe ìdánwò ohun tí ẹ kọ́ ní kíláàsì. Ìrántí, ìrònú, àti yíyẹra fún ìkọlù lójú kọ̀ǹpútà ni, pẹ̀lú ìbéèrè nípa ìwà yín. Wọ́n á pín yín sí ìsọ̀rí, àwọn tó wà ní ìsọ̀rí òkè ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè.

Àyẹ̀wò àti ìwádìí

Ojú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ rí 20/20, gíláàsì sì lè mú un dé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń wo àwọ̀, etí, ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ìdánwò ọpọlọ. Ẹ̀yin òbí, oògùn ADHD (àìlera àìlè pọkàn pọ̀) tí wọ́n fi fún ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ lè dí ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí dókítà ṣàlàyé kí ẹ tó gbà. Bí ó bá sì ti wà nínú ìwé, ẹ má fi pamọ́. Igbó mímu ní ìpínlẹ̀ tó fàyè gbà á kò sí nínú ìyọ̀ǹda ìjọba àpapọ̀. Àyẹ̀wò ìtọ̀ ń bẹ.

Ìwádìí ìgbésí ayé ló ń dá àwọn ará wa dúró pẹ́. Wọ́n á béèrè gbogbo ilé tí ẹ ti gbé, iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe, ìbátan lókèèrè, àkántì báńkì ní Nàìjíríà. Bí orúkọ inú WAEC kò bá bá ti pásípọ́ọ̀tù mu, tàbí bí ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù bá wà nínú ìwé kan tí ọjọ́ orí gidi wà nínú èkejì, ẹ tún un ṣe lábẹ́ òfin kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù kankan, kí ẹ sì tọ́jú ìwé àtúnṣe náà. Irọ́ ló ń lé ènìyàn jáde, kì í ṣe ìbátan tó wà ní Ìbàdàn.

Bí wọ́n bá gbà yín, ẹ kò ní yan ìlú bó ṣe wù yín. Lẹ́yìn náà, ọdún méjì sí mẹ́ta ni ẹ ó fi kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ẹlòmíràn níbi iṣẹ́ kí ẹ tó di adarí pátápátá, pẹ̀lú owó oṣù. Iṣẹ́ òru, iṣẹ́ Kérésì, iṣẹ́ Sátidé tí gbogbo ayé ń ṣe òwàḿbẹ̀: ẹ bá ìdílé yín sọ ọ́ ṣáájú.

Fún ẹni tí ọdún ti kọjá lórí rẹ̀, tàbí tó ṣì ń dúró de ìwé ọmọ ìlú, tó sì ní ìyọ̀ǹda láti ṣiṣẹ́, iṣẹ́ aircraft dispatcher wà, ẹni tó ń ṣètò ìrìnàjò ọkọ̀ láti ilẹ̀. Ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú ni wọ́n ti ń ṣe é. Dispatcher àti ọ̀gá páílọ́ọ̀tì ló jọ ń ru ẹrù ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan. Òfin ìwé ẹ̀rí náà kò béèrè ọmọ ìlú, kò sì fi òpin sí ọjọ́ orí lókè. Ọmọ ọdún 21 lè ṣe ìdánwò ìwé rẹ̀, 23 ni wọ́n ń fún ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀kọ́ tí FAA fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ tó wákàtí 200 ó kéré tán. Ìdánwò ìwé jẹ́ ìbéèrè 80, 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi ń yege, ìdánwò ẹnu àti ti ìṣe sì tẹ̀ lé e. Ojú ọjọ́, máàpù àti òfin tí ẹ ti kọ́ ní community college kò ní ṣòfò níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òfúrufú Zaria, tí ẹ ti ṣe adarí ní Nàìjíríà: àyè títí dé ọdún 35 tí FAA fi sílẹ̀ fún àwọn tó ní ìrírí kò kàn yín, torí pé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe l'Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kà. Ọ̀nà dispatcher ló sún mọ́ yín jù.