Bí Mo Ṣe Ń Kọ́ Àwọn Ọmọ Ìjọ Wa Níṣẹ́ Ilé-Ìwé Ní Lọ́ńdọ̀nù

Ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, pàápàá ní àgbègbè Southwark, ìjọ tí èèyàn dúdú pọ̀ jù nínú wọn pọ̀ débi pé 240 ni Yunifásítì Roehampton kà níbẹ̀ nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2013. Irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ni tiwa: ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan nítòsí Old Kent Road ni a ń lò, Yorùbá ló sì pọ̀ jù nínú wa. Láàárọ̀ Sátidé, yàrá tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi máa ń di kíláàsì, níbi tí àwa àgbàlagbà mélòó kan ti ń ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ ilé-ìwé wọn láìgba kọ́bọ̀. Àwọn ọmọ Year 6, ìyẹn àwọn tó ń parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 10 sí 11, ni wọ́n fi sábẹ́ mi, kí n máa kọ́ wọn ní ìṣirò àti bí a ṣe ń ka àyọkà. Àwọn ará láti ìjọ mìíràn máa ń béèrè bí a ṣe ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọ tó bá mọ ohun tó ń ṣe kì í jẹ́ kí èèyàn kàn wọlé kó máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, bó ti wù kí wọ́n mọ onítọ̀hún tó. Ohun àkọ́kọ́ tí akọ̀wé ìjọ ní kí n ṣe ni ìwádìí DBS, èyí tó ń fi hàn bóyá èèyàn ti rúfin rí, tàbí bóyá wọ́n ti kà á léèwọ̀ fún un láti ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọmọdé. Mo kó ìwé ìrìnnà mi lọ, mo sì kọ gbogbo àdírẹ́sì tí mo ti gbé láàárín ọdún márùn-ún sílẹ̀, títí kan ti Ìbàdàn tí mo ti ṣí wá. Àwọn DBS kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá ń yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọn kò lè rí àkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn ti orílẹ̀-èdè mìíràn, ìjọ tún ní kí n mú ìwé ẹ̀rí àwọn ọlọ́pàá wá láti Nàìjíríà, èyí ló sì pẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá ní i lọ́kàn láti ṣe iṣẹ́ yìí, ìwé ti Nàìjíríà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Lẹ́yìn èyí ni mo gba ẹ̀kọ́ lórí ààbò àwọn ọmọdé lọ́wọ́ arábìnrin tó ń bójú tó o nínú ìjọ. Àgbàlagbà kan kì í dá wà pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì pa. A kì í gba nọ́ńbà fóònù ọmọ, òbí ni a ń bá sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá sì fẹ́ sọ ohun kan fún wa, tó ní ká má sọ fún ẹnikẹ́ni, a kò gbọ́dọ̀ ṣèlérí bẹ́ẹ̀, ńṣe ni ká gbọ́ ọ tán, ká kọ ọ́ sílẹ̀ bó ti sọ ọ́ gan-an, ká sì gbé e lọ bá arábìnrin náà. Pàṣán kò sí níbẹ̀ rárá. Bàbá kan ti sọ fún mi rí lẹ́nu ọ̀nà pé, “Àǹtí, bó bá ṣe àfojúdi, mo fún yín láṣẹ, ẹ nà án.” Mo dá wọn lóhùn pé, “Ẹ ṣeun, sà, ṣùgbọ́n a kì í na ọmọ níbí,” wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ èmi àti wọn nílé ìwé nìyẹn.

Ìdánwò tó ń kó àwọn òbí lọ́kàn sókè ni èyí tí wọ́n ń pè ní SATs, tí Year 6 ń ṣe nínú oṣù Karùn-ún. Ìwé ìṣirò mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: àkọ́kọ́ jẹ́ ìṣirò ṣákálá, ìṣẹ́jú 30 fún máàkì 40, méjì yòókù ń béèrè àròjinlẹ̀, ìṣẹ́jú 40 fún máàkì 35 lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tí wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ ìṣirò. Wọ́n á yí máàkì náà sí òṣùwọ̀n tó lọ láti 80 dé 120, 100 sì ni ohun tí ìjọba ń retí. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé èsì yìí ló ń pinnu ilé-ìwé girama tí ọmọ máa lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ni gbèdéke fún yíyan ilé-ìwé ìjọba, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta tàbí ní àyíká rẹ̀ ni èsì rẹ̀ sì ń jáde, nígbà tí ọmọ kò tíì fojú kan SATs. Àwọn tó ń fi ìdánwò àṣewọlé ṣa ọmọ ni àwọn ilé-ìwé girama kan tí wọ́n ń pè ní grammar school, èyí tí kò sí ní Southwark, àmọ́ tó wà ní Bexley àti Bromley, ìdánwò tiwọn sì ti ń wáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ Year 6. Òbí tó bá wá bá mi nínú oṣù Kọkànlá pé òun ń fẹ́ grammar school ti pẹ́ jù, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ìwé ìdánwò àwọn ọdún tó ti kọjá, èyí tí ìjọba kó sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ni mo tẹ̀ jáde fún àwọn ọmọ. N kò fi wá ẹni tó gba máàkì jù. Ohun tí mo ń wò ni bí wọ́n ṣe ṣiṣẹ́ rẹ̀ sórí bébà, èmi a sì jókòó ti ọmọ kọ̀ọ̀kan, kó máa sọ ọ́ sókè fún mi. Ọmọkùnrin kan sọ 247 di ìlọ́po 36, ó sì kọ 2,223. Ó fi 6 sọ 247 di púpọ̀, ó rí 1,482, kò sì ṣe àṣìṣe kankan níbẹ̀. Nígbà tó dé orí 3, ó kọ 741 sábẹ́ rẹ̀, ó sì rò wọ́n pọ̀. Mo bi í pé, “3 wo nìyẹn, 3 lásán ni àbí 30?” Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó fi òdo kún un, ó di 7,410, àròpọ̀ sì di 8,892. Mo wá ní kó fojú bù ú, kó fi 250 àti 40 ṣe é, ó sì rí 10,000, òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ pé 2,223 kò jọ ọ́ rárá. Nínú irú ìbéèrè yìí, máàkì méjì ló wà, bí ọmọ bá sì tẹ̀ lé ọ̀nà tó yẹ, tó wá ṣi ìṣirò kan péré, yóò gba ọ̀kan nínú rẹ̀. Nítorí náà, n kì í jẹ́ kí wọ́n fi rọ́bà pa iṣẹ́ wọn rẹ́.

Èrò tí iṣẹ́ yìí ti gbìn sí mi lọ́kàn ni pé ohun tí ọmọ ní òun kò mọ̀ kì í sábà jẹ́ ohun tí kò mọ̀ ní tòótọ́. Ọmọ a ní ìdá ló ń dà á láàmú. A gbé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ká iwájú rẹ̀, ká ní kó rò ó pọ̀ mọ́ ìdá méjì nínú márùn-ún, ó sì mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ sọ ìsàlẹ̀ méjèèjì di ohun kan náà. Ibi tó ti ń há ni pé kò rí 20, nítorí ó ń ka 4, 8, 12 lórí ìka. Ìsọdipúpọ̀ tó yẹ kó ti mọ̀ ní Year 4 ni kò dúró. Ìjọba ń dán Year 4 wò lórí rẹ̀ nínú oṣù Kẹfà: ìbéèrè 25 lórí kọ̀ǹpútà, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orin tí a fi ń kọ́ ọ nílé ìwé ní Nàìjíríà dùn mọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí púpọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 7 lọ́nà 1 kó tó dé 7 lọ́nà 8, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà ti lọ. Káàdì pélébé ni mo wá gé, ìbéèrè níwájú, ìdáhùn lẹ́yìn, a ń pò wọ́n pọ̀, ọmọ sì ń bi ọmọ.

Ti àyọkà yàtọ̀. Nítorí pé àwọn ọmọ yìí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń mu omi, àwọn òbí rò pé kò sí ìṣòro níbẹ̀. Ìwé ìdánwò náà, ìṣẹ́jú 60 fún máàkì 50, kì í kàn béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ń béèrè ẹ̀rí rẹ̀ láti inú àyọkà, àwọn ọmọ sì ń kọ ohun tó wá sí wọn lọ́kàn. Mo ní kí wọ́n fi ìka lé ìlà tó fi hàn kí wọ́n tó la ẹnu. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ti kọ́ nílé pé a kì í bi àgbà pé báwo ló ṣe mọ̀, wọn kì í sì fẹ́ ta kò mí bí mo bá mọ̀ọ́mọ̀ dáhùn òdì. Mo sọ fún wọn níwájú àwọn òbí wọn pé nínú kíláàsì yìí, bíbi Àǹtí pé “ibo lẹ ti rí i?” kì í ṣe àfojúdi. Ìyá kan bojú wẹ̀yìn, ó sì dákẹ́.

Ní ìparí Sátidé kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ ìlà kan tàbí méjì sílẹ̀ lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan: ohun tó ṣe, ibi tó ti há, ohun tó kàn. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń tì ni ìwé náà ń wà. Bí iṣẹ́ kò bá jẹ́ kí n wá, nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ ló ń dúró fún mi, nígbà mìíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé, ibi tí ìwé náà bá sì parí sí ni òun náà ti ń bẹ̀rẹ̀.